Ọṣẹ òrí mi ń ta èèyàn lára, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ́jú o. Kétu níbí ni mo wà, ọṣẹ ni mò ń sè tà. Àdín ni ìyá mi fi kọ́ mi, òun náà ni mo sì ń lò látọjọ́ yìí, èyí tó máa ń dì funfun bí ẹ̀kọ nínú ìgò láàárọ̀ ọyẹ́, tó bá wá di ọ̀sán á tún yọ́. Lóṣù tó kọjá àdín wọ́n, ni mo bá fi òrí rọ́pò ẹ̀, kílò fún kílò, mi ò sì dín sódà kù rárá. Ọṣẹ yẹn le, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́ tí mo bá ń gé e, ó sì ń ta èèyàn lára, ọwọ́ èmi gan-an ti bó.

Àbúrò mi tó ń kàwé ní Àjàṣẹ́ ló wá ṣàlàyé fún mi pé nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní saponification value, tó ń sọ bí pọ́táàṣì tàbí sódà tí òróró kan máa gbà kó tó di ọṣẹ ṣe pọ̀ tó, pé gíráàmù àdín kan máa ń gba pọ́táàṣì bíi mílígíráàmù 230 sí 254, ti òrí ò sì ju bíi 170 sí 190 lọ. Àṣé sódà ló ṣẹ́kù sínú ọṣẹ!

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti po àdín mọ́ òrí rí, báwo lẹ ṣe pín in? Mo fẹ́ kó máa hó dáadáa, torí òrí nìkan kì í hó tó àdín. Èyí tó bàjẹ́ ńkọ́, ṣé mo lè rẹ́ ẹ kí n fi òrí sí i tún un sè? Mi ò lè tà á báyìí fún ìyá ọlọ́mọ kankan.