"To" méjì ló wà o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé èwo ló tọ̀nà, "I look forward to hear from you" àbí "I look forward to hearing from you", ẹnìkan sì ti dáhùn pé bákan náà ni méjèèjì. Èmi ò gbà o. "Hearing" ni, èkejì yẹn ò ṣeé fi sínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ rárá.

Ohun tó ń da gbogbo wa láàmú ni pé wọ́n ti kọ́ wa níléèwé pé tá a bá ti rí "to", ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ló máa tẹ̀ lé e, to go, to eat, to sleep, a wá gba bẹ́ẹ̀ a ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Àmọ́ "to" méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan yìí. Ọ̀kan wà fún ọ̀rọ̀-ìṣe, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ atọ́kùn bíi in, at àti with, òun ló sì wà lẹ́yìn "look forward". Ẹ fi "it" síbẹ̀ wò: "I look forward to it", ó lọ geere. Ẹ wá sọ pé "I want to it", ṣẹ́ ẹ rí i pé kò lọ? Ibi tí "it" bá ti lè jókòó, ọ̀rọ̀-orúkọ nibẹ̀ ń fẹ́, tó bá wá jẹ́ ìṣe lẹ fẹ́ fi síbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ dorúkọ, báwa náà ṣe ń sọ "gbọ́" di "gbígbọ́", tí "lọ" ń di "lílọ". (Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti ń ṣiṣẹ́ ṣá, torí "agree" ń gba "I agreed to it", ó tún ń gba "I agreed to go".)

Èyí tó le jù ni "used to". "I used to drive at night", mo máa ń wakọ̀ lóru tẹ́lẹ̀, mi ò ṣe é mọ́. "I am used to driving at night", ó ti mọ́ mi lára. Ẹ wá da méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ kọ "I am used to drive at night", á wá dà bíi pé irinṣẹ́ ni yín tẹ́nìkan ń lò láti fi wakọ̀ lóru!

Ní ti orúkọ tá a máa pe irú "hearing" yìí lédè Yorùbá, mo rí i pé àwọn kan fẹ́ "ọ̀rọ̀-ìṣe oní-ing". Ìyẹn ò dáa tó, torí "I am going" náà ní -ing, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ "ń" tiwa ni ìyẹn ń ṣe, kò di orúkọ kankan. "Ọ̀rọ̀-orúkọ aṣẹ̀dá" náà gbòòrò jù, á kó "hearer" mọ́ ọn. Èmi dábàá "ìṣedorúkọ", ó kúrú, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ kó mú un wá.