Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fọ́tò àti prógíráàmù mìíràn nínú mẹ́nù lórí 486

Tíṣà_Àkúrẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kọ̀ǹpútà 486 kan wà ní ilé-ìwé wa níbí ní Àkúrẹ́, MS-DOS 6.22 (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) ló wà lórí rẹ̀, mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì jẹ́ 4MB. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń bọ̀ wá ṣèpàdé, mo sì fẹ́ kí wọ́n bá a lórí tábìlì tó ń sọ ìtàn Ìpínlẹ̀ Oǹdó: kí wọ́n tẹ 1 fún Òkè Ìdànrè, 2 fún ààfin Déjì, 3 fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀. QBasic, èdè ìkọ prógíráàmù tó wà nínú DOS, ni mo fi kọ mẹ́nù, ọ̀rọ̀ ń jáde dáadáa. Fọ́tò ló kù, àti ìdánwò kékeré tí àwọn ọmọ SS2 kọ, fáìlì .EXE ni, prógíráàmù tó dá dúró. Mo fi SHELL, àṣẹ QBasic tó ń pe prógíráàmù mìíràn, pè é, ó ní "Program too big to fit in memory". Báwo ni kí n ṣe tò ó? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní kí n lọ ra laptop o. Orí kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni àwọn tó ń bọ̀ ti kọ́ títẹ̀.

Bàbá_DOS
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. 4MB yẹn kò lè gbà yín, torí inú 640KB àkọ́kọ́ ni prógíráàmù DOS lásán ń gbé. Bí ẹ bá fi SHELL pe .EXE, QBasic kò jáde kúrò nílé. Ó jókòó pẹ̀lú mẹ́nù yín, COMMAND.COM kejì (èyí tó ń gba àṣẹ fún DOS) tún wọlé tì í, ìyẹ̀wù tó ṣẹ́kù ni àwọn ọmọ SS2 fẹ́ fún ara wọn sí. Ẹ jẹ́ kí mẹ́nù jáde pátápátá kí àlejò tó wọlé.

Fáìlì .BAT, tí a ń to àṣẹ DOS sí ní ìlà-ìlà, ni kó jẹ́ olórí ilé. Bí ẹnìkan bá tẹ 4 fún ìdánwò, kí MENU.BAS kọ IDANWO sínú fáìlì tó ń jẹ́ LO.BAT, kó pa fáìlì náà dé, kó sì fi SYSTEM jáde. Olórí ilé á ṣe ìyókù:

@ECHO OFF
:IBERE
IF EXIST LO.BAT DEL LO.BAT
QBASIC /RUN MENU.BAS
IF NOT EXIST LO.BAT GOTO OPIN
CALL LO.BAT
MODE CO80
GOTO IBERE
:OPIN

Ẹ má yọ CALL kúrò o. Láìsí i, DOS á wọ LO.BAT lọ, kò ní padà mọ́. MODE CO80 wà níbẹ̀ torí pé prógíráàmù mìíràn tó bá fi fọ́tò hàn kì í dá ojú kọ̀ǹpútà padà bó ṣe bá a. Lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e á wú gàdàgbà.

Ọmọ_Ìjàpọ̀
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kí la tún fẹ́ fi QBasic ṣe níbẹ̀? CHOICE, àṣẹ tó ń dúró kí èèyàn tẹ nọ́mbà kan, wà nínú 6.22. Ẹ kọ ojú mẹ́nù sínú MENU.TXT, kí .BAT fi TYPE gbé e jáde, lẹ́yìn náà:

CHOICE /C:12345 /N Yan nomba:
IF ERRORLEVEL 5 GOTO OPIN
IF ERRORLEVEL 4 GOTO IDANWO
IF ERRORLEVEL 3 GOTO OWO
IF ERRORLEVEL 2 GOTO DEJI
GOTO IDANRE

Nọ́mbà tó tóbi jù ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ohun tí IF ERRORLEVEL 1 ń bi DOS ni pé ṣé nọ́mbà tí CHOICE mú wá tó 1 tàbí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi 1 ṣáájú, ohun yòówù kí èèyàn tẹ̀, Ìdànrè náà ni yóò bá ara rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Oǹdó
Ẹ jọ̀ọ́, DOS 5 ni tèmi. Mo tẹ CHOICE, kò dá mi lóhùn.

Bàbá_DOS
Ìyá Ìbejì, 1993 ni CHOICE dé pẹ̀lú DOS 6.0. Ẹ ṣe bí a ti ń ṣe ṣáájú ìgbà yẹn: ẹ ṣẹ̀dá 1.BAT, 2.BAT, 3.BAT. Bí èèyàn bá tẹ 1 tó sì tẹ Enter, DOS fúnra rẹ̀ á wá 1.BAT lọ. Kí ìlà tó kẹ́yìn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ MENU (orúkọ .BAT tó ń gbé mẹ́nù jáde), kó lè padà sílé.

Fọ́tò_Alágbàká
Ẹ jẹ́ ká wá sórí fọ́tò. VGA yín (káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) lè fi àwọ̀ 256 hàn ní 320x200, báìtì 64,000 géérégé nìyẹn kí ẹ tó fún un pọ̀. Ẹ má gbé JPEG fún 486, á máa tú u díẹ̀díẹ̀ lójú àlejò. GIF ni kí ẹ lò. PCX, irú fáìlì àwòrán mìíràn, náà dára fún àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n àpáta Ìdànrè kún fún àwọ̀ eérú oríṣiríṣi, kò sí àwọ̀ kan tó dúró pẹ́ tí PCX á fi rí nǹkan dín kù. VPIC tàbí CompuShow á ṣí GIF: ẹ kàn kọ orúkọ fọ́tò tẹ̀ lé orúkọ prógíráàmù nínú .BAT. Orúkọ fáìlì kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 8 lọ, IDANRE.GIF ti tó.

Ohun tó ń mú ọ̀pọ̀ rèé: 320x200 kò bá ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ mu, ó máa ń na fọ́tò sókè ní ìdá kan nínú márùn-ún. Òkè Ìdànrè á ga ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ, ọ̀gá ilé-ìwé yín á sì gùn bí ọ̀pá. Nínú GIMP, prógíráàmù àtúnṣe fọ́tò lórí laptop, ẹ kọ́kọ́ gé fọ́tò sí 4:3, kí ẹ wá fi tipátipá sọ ọ́ di 320x200. Lórí laptop, á dà bíi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà_Àkúrẹ́
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ti Ọmọ_Ìjàpọ̀ ni mo lò, ìdánwò àwọn ọmọ ti ń ṣí, fọ́tò náà ti jáde. Ìṣòro kan ló kù. Ọ̀rọ̀ tí mo fi laptop tẹ̀, gbogbo ibi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ wà ni 486 ń gbé ß║╣ sí. Lẹ́tà ọ náà ti di ß╗ì.

Ọmọ_Ìjàpọ̀
Laptop yín fi UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú lẹ́tà ti òde òní, pamọ́ ni, báìtì mẹ́ta ni lẹ́tà ẹ nínú ìyẹn, DOS sì ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi lẹ́tà tirẹ̀. Ẹ fi EDIT, prógíráàmù ìtẹ̀wé inú DOS, tún un tẹ̀ lórí 486 (ẹ má pa QBASIC.EXE rẹ́ o, òun ni EDIT ń lò). Ọ̀rọ̀ náà kò burú tó bí ẹ ṣe rò: à, á, è, é, ì, í, ò, ó, ù, ú, gbogbo wọn ló wà nínú DOS. Alt pẹ̀lú 133 ni à, 130 ni é. Lẹ́tà kékeré tí kò sí ò ju ẹ, ẹ́, ẹ̀, ọ, ọ́, ọ̀, ṣ, ń àti ǹ.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wàhálà, ẹ ya àkọlé bí fọ́tò, kí ẹ tẹ ìyókù láìfàmì sí i.

Bàbá_DOS
Láìfàmì kẹ̀? Níwájú àwọn àgbà Àkúrẹ́? Tíṣà, VGA gbà kí a yí àwòrán lẹ́tà padà, báìtì 16 fún lẹ́tà kan. Kí àwọn ọmọ SS2 tó kọ .EXE yẹn kọ òmíràn tó ń pe INT 10h, AX=1100h (ìpè tó ń yí àwòrán lẹ́tà padà), kí wọ́n gbé lẹ́tà mẹ́sàn-án yẹn sí ààyè lẹ́tà Gíríìkì láti 224 lọ. Ẹ pè é lẹ́yìn MODE CO80, kì í ṣe ṣáájú. Gbogbo ìgbà tí MODE bá ṣiṣẹ́ ló ń dá lẹ́tà àtijọ́ padà.