Ikọ́ ló dá egungun ìhà màmá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí ikọ́ gbígbẹ ti ń da màmá mi láàmú. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe ń wúkọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní nǹkan dún "kà" ní ìhà òsì, ni wọ́n bá di ẹ̀gbẹ́ mú. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá mí kanlẹ̀, tàbí tí wọ́n sín, tàbí tí wọ́n rẹ́rìn-ín pàápàá, ojú wọn á fún pọ̀.

X-ray ò fi nǹkan kan hàn. Dókítà ní kò ya òun lẹ́nu, pé bí egungun ìhà bá kàn sán, X-ray lè má rí i, àti pé ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 kó tó jinná.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ká fi ọ̀já gbá àyà wọn pinpin. Dókítà ní ká má dán an wò, torí tí wọn ò bá lè mí kanlẹ̀, òtútù àyà lè wọlé. Ti dókítà ni mo gbà, àmọ́ ta ló fẹ́ bá àgbà jiyàn?

Ẹ̀yin tó ti ṣe rí, báwo lẹ ṣe ń sùn? Orí àga ni màmá ń sùn sí báyìí. Ìrọ̀rí tí wọ́n ń gbá mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí ikọ́ bá dé ń ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀.

Ó ku ẹyọ kan: lisinopril ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì gbọ́ pé ó lè fa ikọ́ gbígbẹ. Ṣé ikọ́ ẹnikẹ́ni ti lọ lẹ́yìn tí dókítà pààrọ̀ rẹ̀? Ó tó ìgbà wo kó tó lọ?