IBS àti ọkàn tó dàrú: ẹ wá sọ bó ṣe ń ṣe yín

Ọmọ Òkè-Àdó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dókítà ní IBS ló ń ṣe mí, àìsàn tó ń mú kí inú máa run, kí ìgbẹ́ sì máa dàrú, láìsí ọgbẹ́ nínú ìfun. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò, wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun, wọn ò rí ọgbẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n tí ìpàdé bá ti wà níbi iṣẹ́ lọ́la, láti òru ni inú á ti máa kùn, á wú, á le, tílẹ̀ bá mọ́ mi ò ní lè jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àbúrò mi ní àròjù ni. Ẹ̀yin tó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, báwo ni tiyín ṣe rí?

Ìyá Ìbejì: Long Bridge. Ó tán.

Abẹ́kẹ́: Áà, Ìyá Ìbejì, ẹ ò lè dákẹ́ síbẹ̀ o! Ẹ sọ ọ́.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa. Ìbàdàn ni mo ti ń bọ̀, wọ́n ti gba ọmọ mi sí ọsibítù l'Ékòó, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká wa mọ́ ìtòsí Kara. Inú mi bá yí. Òógùn tútù bò mí, mo di irin ìjókòó iwájú mú títí ìka mi fi funfun. Obìnrin tó jókòó tì mí wo ojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan, ó ké sí dírẹ́bà pé kó ṣílẹ̀kùn. Ó bá mi sọ̀ kalẹ̀, ó tú ìborùn rẹ̀, ó fi bò mí lẹ́yìn trélà kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì ń lé àwọn tó fẹ́ wò. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ dòní. Bó ṣe bò mí láṣírí, Ọlọ́run á bo tiẹ̀ náà.

Dẹ́kúnlé: Àmín. Èèyàn ṣì ń bẹ.

Abẹ́kẹ́: Omi bọ́ lójú mi.

Àgbà Ìjẹ̀bú: Jẹ̀díjẹ̀dí ni gbogbo èyí. Ẹ dín nǹkan dídùn kù, kí ẹ wá àgbo mu. Nígbà tiwa, ta ló mọ IBS?

Nọ́ọ̀sì Ontario: Bàbá, mo gbọ́ yín o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ní Kánádà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ìgbẹ́ màlúù ṣàn wọ kànga tí ìlú Walkerton ń mu. Àwọn tó ṣàìsàn lé ní 2,000, èèyàn 7 kú. Kòkòrò inú ìgbẹ́ yẹn kúrò lára wọn, ṣùgbọ́n inú ọ̀pọ̀ ò padà sípò. Àwọn dókítà yunifásítì McMaster ń tọpa wọn di ọdún kẹjọ, IBS ló kù sí wọn lára. Àwọn tí ìdààmú ọkàn ti wà lára wọn kí omi yẹn tó dé, àwọn ló ṣeé ṣe kó mú jù. Ṣúgà kọ́ ló fà á, sà.

Ọmọ Òkè-Àdó: Lẹ́yìn táífọ́ọ̀dù tó gbé mi dè nígbà tí mo wà ní polí ni tèmi bẹ̀rẹ̀! Kò sẹ́ni tó so ó pọ̀ fún mi rí.

Abẹ́kẹ́: Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣàlàyé. Báwo ni ìfun ṣe mọ̀ pé inú mi ò dùn?

Nọ́ọ̀sì Ontario: Iṣan kan wà tó ń jẹ́ vagus, ó ti ọpọlọ sọ̀ dé inú, ìròyìn tó ń gbé gòkè sì pọ̀ ju èyí tó ń gbé wálẹ̀ lọ. Nínú 100 serotonin ara, èròjà tí iṣan fi ń ránṣẹ́ síra wọn, bíi 90 ló jẹ́ pé ìfun ló ń ṣe é, òun ló ń mú kí ìfun sún oúnjẹ, kòkòrò inú wa sì ń dá sí i. Ní 2017, wọ́n gbé ìgbẹ́ àwọn tó ní IBS sínú eku tí kòkòrò kankan ò dé ara wọn rí. Ìfun eku bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Àwọn tó gba ti ẹni tó ní àníyàn, ẹ̀rù ń ba àwọn náà.

Dẹ́kúnlé: Eku kì í ṣèèyàn o. Ta ni wọ́n dán an wò lára ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Ontario: Èèyàn 44. Wọ́n fún ìdajì ní kòkòrò rere kan, Bifidobacterium longum, fún ọ̀sẹ̀ 6. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dín lára 14 nínú 22. Lára àwọn tí wọn ò fún, 7 nínú 22. Àníyàn ò yí padà. Ìwádìí kékeré ni.

Àgbà Ìjẹ̀bú: Ṣé ẹ rí i? Omidùn ló ń sọ yẹn!

Dẹ́kúnlé: Bàbá, kòkòrò wo ló kù nínú ẹ̀kọ tó ti hó?

Àgbà Ìjẹ̀bú: Ta ló ń se omidùn? Tútù la ń mu ún.

Ìyá Ìbejì: Omidùn máa ń mú inú mi wú, ẹ má bínú, Bàbá.

Fọlákẹ́: Ẹ jẹ́ kí n kígbe sí i: ẹ yé gbé metronidazole (Flagyl) mì ní gbogbo ìgbà tí inú bá ti run yín! Ó ń pa kòkòrò rere mọ́ burúkú. Dókítà kan sọ fún mi pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí, pé kí n lọ gbàdúrà. Òmíì ló wá kọ amitriptyline díẹ̀ fún mi, oògùn tí wọ́n tún ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ìyá mi ka bébà inú páálí rẹ̀, wọ́n bú sẹ́kún pé wọ́n ní orí mi ti dàrú. Orí mi ò dàrú. Ní Bìrìtìkó, wọ́n dán an wò lára èèyàn 463, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2023, ó ṣiṣẹ́ fún IBS ju oògùn àfijọ tí kò ní nǹkan kan nínú lọ. Ìrora yìí kì í ṣe irọ́.

Nọ́ọ̀sì Ontario: Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tó ń rù láìnídìí, kó má pè é ní IBS. Ọsibítù kíákíá.

Abẹ́kẹ́: Àlùbọ́sà ni ọ̀tá tèmi. Ilé ọkọ mi ní mo ń ṣe fáàrí.

Fọlákẹ́: Ewé rẹ̀ ni kó o máa lò, àwọn yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ní kì í yọ inú lẹ́nu bí orí rẹ̀.

Dẹ́kúnlé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ má sọ pé ẹ̀wà náà.

Ìyá Ìbejì: Rẹ ẹ́ mọ́jú, da omi rẹ̀ nù, fi omi míì sè é. Kó o sì jẹ díẹ̀ o, Dẹ́kúnlé.