Báwo la ṣe lè fọ iyọ̀ kúrò lára Dunaliella láìjẹ́ pé ó bẹ́?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti yọ purotéènì Dunaliella salina (algae oní-sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbé inú omi iyọ̀) rí, ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá. Láti inú iyọ̀ (NaCl) 0.5 M (mólù nínú lítà kan) ni a ti gbé e lọ sí 2 M, kí a lè wo purotéènì tó ń pọ̀ sí i, pàápàá carbonic anhydrase (ẹ́ńsáìmù tó ń ṣiṣẹ́ lórí carbon dioxide) ara awọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ní ògiri líle. Glycerol inú rẹ̀ ló fi ń kojú iyọ̀. Bí omi lásán bá kàn án, ó bẹ́ nìyẹn. Bí a kò bá sì fọ̀ ọ́, iyọ̀ á ba ìlà purotéènì jẹ́ lórí gel tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ká fi sorbitol (irú ṣúgà kan) fọ̀ ọ́ dípò omi ńkọ́? Èyí tí agbára fífa omi rẹ̀ máa bá ti iyọ̀ 2 M dọ́gba ń lọ sí bíi 4 M: ó ki jù, sẹ́ẹ̀lì kì í rọlẹ̀. Ṣé kí a da TCA (trichloroacetic acid, ásíìdì tó ń mú purotéènì dì) 10% inú acetone tútù lé e tààrà, ká wá fi acetone 80% (tó ní omi díẹ̀) fọ̀ ọ́, torí iyọ̀ kì í yòrò nínú acetone tí kò lómi? Ẹ̀ẹ̀melòó ni fífọ̀ náà?