Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í jò: ohun tí ojú wa rí lórí ìwọ̀n ara nínú àrùn MND

Ẹ kú ìfaradà o, gbogbo ẹ̀yin tí àrùn motor neuron, MND tí à ń pè é, èyí tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀, wà nínú ilé yín. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti sọ fún mi pé òun ló ń ṣe mí. Apá ọ̀tún ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ apá kọ́ ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara ni, torí ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Kí àìsàn yìí tó dé, kílò 68 ni mo ń wọ̀n, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí n ó ṣe fọn díẹ̀. Nígbà tí aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú lára mi, inú mi dùn. Àwọn èèyàn ń sọ pé mo ti dà bí ọmọge, èmi náà ń dá wọn lóhùn pé ẹ ṣé. Láàárín oṣù márùn-ún, mo ti bọ́ sí 59. Nọ́ọ̀sì tó wọ̀n mí kò yìn mí ní tiẹ̀. Ó ní, "Mà, ṣé ẹ ń jẹun ṣá?" Mo ní mò ń jẹ bí mo ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ, òótọ́ yẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù.

Onímọ̀ oúnjẹ ló wá là mí lóye. Àwọn fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí iṣan ló ń kú nínú àrùn yìí, iṣan tí kò bá gba àṣẹ mọ́, ṣe ló máa joro. Ìyẹn nìkan kọ́. Ara ọ̀pọ̀ nínú wa ń jó oúnjẹ ju bó ṣe yẹ lọ, àní lórí ìjókòó. Iṣan tó kù ń ṣiṣẹ́ mọ́ èyí tó ti lọ, mímí pàápàá á di làálàá. Oúnjẹ tó tó mi léṣìí kò wá lè tó mi mọ́. Ó wá sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí látọjọ́ tí mo ti dáyé: kí n yé sá fún ọ̀rá. Ó ní ẹni tó bá ń yára rù nínú àrùn yìí, ẹ̀mí rẹ̀ kì í sábà gùn tó ti ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ dúró. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí gbogbo "ẹ ṣé" tí mo ti ń sọ ló ń padà wá sí mi létí.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mò ń jẹun lójúmọ́ báyìí, díẹ̀díẹ̀. Àárọ̀ ni mò ń jẹ èyí tó pọ̀ jù, nígbà tí ọwọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò tíì rẹ̀ mí. Òróró, bọ́tà, ẹyin, mílíìkì tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀, inú ohun tí mo ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ la ń fi wọ́n sí, kí oúnjẹ lè lágbára láìjẹ́ pé abọ́ kún ju bí mo ṣe lè jẹ lọ. A tún so nǹkan rírọ̀ mọ́ ọwọ́ ṣíbí kó lè nípọn. Oṣù mẹ́ta rèé, 60 ni mo wà. Ẹ̀yin ńkọ́? Pàápàá ẹ̀yin tí ọ̀fun ti ń yọ lẹ́nu.

* * *

Ẹ ṣeun mà. Ti ìyàwó mi ni n ó sọ. Òun ló ní kí n sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ojú ló fi ń tọ́ka sí lẹ́tà lórí pátákó tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀.

Ní tiwa, ẹnu ló ti bẹ̀rẹ̀. Ahọ́n wúwo, ọ̀rọ̀ ń lọ́, nígbà tó yá omi ń pá a lórí. A ti rò pé oúnjẹ líle ni yóò kọ́kọ́ dà á láàmú, àṣé omi lásán ló le jù, torí ó ń sáré kọjá kí ọ̀fun tó múra. Wọ́n fún wa ní ìyẹ̀fun kan tí a ń pò mọ́ omi kó lè ki, wọ́n sì kọ́ ọ pé kó tẹ àgbọ̀n sí àyà kó tó gbé nǹkan mì. Ìyẹn gbà wá fún bí oṣù mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ń gba wákàtí kan àtààbọ̀. Á tutù, màá gbé e kaná, á tún tutù. Kò sọ pé ó sú òun. Ohun tó ń sọ ni pé òun ti yó, mo sì gbà á gbọ́. Èyí ló ń dùn mí jù títí dòní. Kò yó. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ẹ̀rù sì ń bà á kí oúnjẹ má pá òun lórí lójú àwọn ọmọ. Ó tún ń dín omi mímu kù kí a má baà máa gbé e lọ sí ilé ìtọ̀ nígbà gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ ṣe gan sí i níkùn, oúnjẹ ò sì lè wu ẹni tí inú rẹ̀ kún.

Dókítà ti dárúkọ rọ́bà ìjẹun tí wọ́n ń fi sí ikùn, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbé e. A ní kí wọ́n ṣì fún wa láyè ná. Lójú wa, rọ́bà ni pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ìgbà tí a fi máa padà lọ, èémí rẹ̀ ti ń sún mọ́ ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́. Wọ́n ṣàlàyé pé tó bá ti lọ sísàlẹ̀ ìdajì, ewu iṣẹ́ náà máa ń pọ̀ sí i, torí oògùn tí wọ́n fi ń mú èèyàn tòògbé lè fà á lẹ́mìí sẹ́yìn. Wọn ò ti kámẹ́rà gba ẹnu rẹ̀ wọlé mọ́. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa ojú ibẹ̀ kú, wọ́n fi ẹ̀rọ X-ray darí rọ́bà náà, ó sì wọ ẹ̀rọ ìmí rẹ̀ sí imú títí wọ́n fi ṣe tán. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè jókòó.

Ọpẹ́ ni pé ó yọrí sí rere. Ojú ibẹ̀ dùn ún fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lóru báyìí, ẹ̀rọ kékeré kan ń rọra tú oúnjẹ sínú rọ́bà náà, orí ibùsùn sì gbọ́dọ̀ ga. Omi la fi ń fọ rọ́bà ṣáájú oúnjẹ àti lẹ́yìn rẹ̀, àti lẹ́yìn oògùn pẹ̀lú. Oògùn tí mi ò lọ̀ kúnná ti dí i pa lẹ́ẹ̀kan, láàjìn, ẹ̀rù bà mí gan-an. Ó ṣì ń fi ẹnu tọ́ ohun tó bá wù ú wò, ṣíbí méjì, mẹ́ta, kó lè gbádùn adùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún wa tẹ́lẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n sọ ọ́ tí etí wa ò gbọ́: rọ́bà kò ti ẹnu pa. Ó ti gba kílò 4 padà. Kì í ṣe iṣan o, èyí tó lọ ti lọ. Ṣùgbọ́n ó ń sùn, ìdí rẹ̀ tó ti ń pọ́n bí ẹni pé yóò bó lórí ìjókòó sì ti san. Ká ní mo mọ̀ ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ rẹ̀ là bá ti gbà.

* * *

Ojú máa ń tì mí láti sọ tèmi láàárín àwọn tó ń rù, torí èmi ń sanra ni. Ẹ̀yà àrùn yìí tó ń rọra rìn, tó ń mú ẹsẹ̀ le gbagidi, ló mú mi. Mi ò rìn mọ́, síbẹ̀ mò ń jẹun ẹni tó ń rìn. Amitriptyline tí wọ́n fún mi nítorí itọ́ tó ń dà lẹ́nu mi tún ń mú kí oúnjẹ máa wù mí. Kílò 11 láàárín ọdún kan! Mo fẹ́ fi ebi pa á, dókítà mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní iṣan wà lára ohun tí ebi máa jẹ, mi ò sì ní rí i gbà padà. Kí ìwọ̀n náà ṣáà dúró síbi tó wà. Mo dín ohun dídùn kù, wọ́n yí oògùn náà padà, ó sì dúró. Ẹ̀yìn ọmọ mi tó ń gbé mi ló ń ká mi lára jù, títí a fi rí ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn láti ibùsùn sórí àga.

* * *

Ẹ má gbọ́kàn lé òṣùwọ̀n nìkan. Bàbá mi kò lè dúró, nítorí náà tòun ti àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á wá yọ ìwọ̀n àga kúrò. A pààrọ̀ àga, tuntun wúwo ju ti àtijọ́ lọ, ìwọ̀n ti àtijọ́ ni wọ́n sì yọ. Ìwé wọn ní ó ti sanra, bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ ti wọ ihò méjì sí i. Bẹ́líìtì ni mo gbà gbọ́. Ní báyìí, ọjọ́ kìíní oṣù ni mo máa ń fi téèpù wọn òkè apá rẹ̀, apá òsì ni nígbà gbogbo, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

* * *

Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó sọ ti ìyàwó wọn, mo sì bá wọn yọ̀. Èmi kò fẹ́ rọ́bà. Mo ti bá ìdílé mi àti dókítà jókòó lórí ẹ̀, a sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni tẹ̀lé mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó kọ rọ́bà kò tíì kọ oúnjẹ. Ohun tó fẹ́ pa oúnjẹ mọ́ mi lẹ́nu ni "ẹ jẹ ẹ́ o, ẹ tún jẹ sí i" láti àárọ̀ dalẹ́, tí ìdí oúnjẹ wá dà bí ibi tí wọ́n ti ń dán mi wò. Èmi àti ìyàwó mi ṣe àdéhùn: tí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ti pé, kó gbé abọ́ kúrò, kó má béèrè nǹkan kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

* * *

Èmi tí mo dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ rèé. Wọ́n bi mí bóyá ọ̀rá ń wo àrùn yìí sàn. Rárá o. Ní Jámánì, wọ́n fi ohun mímu ọlọ́ràá dán 201 aláìsàn wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2020. Tí a bá kó gbogbo wọn pọ̀, kò hàn gbangba pé ó fi kún ọjọ́ ayé àwọn tó mu ún. Àwọn tí àrùn náà ń sáré lára wọn ló jọ pé ó ràn lọ́wọ́. Ìyẹn tó mi láti máa da òróró mi sí oúnjẹ lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, tíì pá mi lórí lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Lálẹ́ àná, lẹ́yìn tí mo ka "òun ti yó" tí bàbá yẹn kọ, mo pe ọkọ mi jókòó, mo sì sọ fún un. Ọjọ́bọ̀ là ń lọ wọn èémí mi.