Àbọ̀ rèé lórí ọmọ mi tí kì í túra ká

Ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi nígbà tí mo béèrè ohun tí mo lè ṣe lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 5 tí kì í túra ká, tó máa ń wojú èèyàn bí adájọ́. Ìmọ̀ràn pé kí n yéé sọ fún un pé "rẹ́rìn-ín" ló ṣiṣẹ́ jù. Báyìí, a jọ máa ń ṣa ẹ̀wà ni, ibẹ̀ ló ti ń da ìbéèrè bò mí.

Pípe ọmọ àdúgbò wá sílé ṣiṣẹ́ díẹ̀: ọmọ kan, kò burú, bí wọ́n bá ti di mẹ́ta, ó ti wọ yàrá lọ. Èmi gan-an nìyẹn! Màámi ló rán mi létí pé "Ìyá Àgbà" ni wọ́n ń pè mí ní kékeré.

Ìkíni ló kù. Ó ń kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn kì í jáde. Bàbá rẹ̀ ṣì ń bínú sí ìyẹn.